Àjẹsára Kì Í Ṣe Àṣà Àjèjì

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwọn baba wa ti mọ ìtumọ̀ òwe yìí kí ilé ìwòsàn tó dé ilẹ̀ Yorùbá, òun ni wọ́n sì fi ń wá àjẹsára. Ohun tí a jẹ sí ara kí ibi tó dé ni àjẹsára; ẹni tí ibi ti bá ná, ìwòsàn ni ó ń wá. Òmíràn jẹ́ jíjẹ, òmíràn sì jẹ́ gbẹ́rẹ́ sínsín. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn dé, Yorùbá kò wá orúkọ mìíràn fún un: abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n pè é.

Ní Ìgbẹ́tì, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Olóruńṣògo ní Òkè-Ògùn, láàárín àpáta àti ilẹ̀ ọ̀dàn, a mọ ìgbà tí ó yẹ kí a ronú ọ̀rọ̀ yìí. Bí òjò bá ti dá, ọyẹ́ a dé, eruku a bolẹ̀, ikọ́ àti ọ̀fìnkìn a sì máa ti ilé dé ilé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí náà ni Yorùbá ń bẹ̀rù Ṣànpọ̀nná jù láyé àtijọ́. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀. Olóde ni wọ́n ń wí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọn a gbé aláìsàn kúrò láàárín èrò, wọn a sì dá ìlù dúró. Bí wọ́n tilẹ̀ gbà pé òrìṣà ni ó ń jà, wọ́n mọ̀ pé àrùn náà ń ràn.

Ọgbọ́n gbẹ́rẹ́ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ọkùnrin ará Áfíríkà kan tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Boston ní Amẹ́ríkà, Onesimus, ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀ bí wọ́n ti ń la ara díẹ̀ ní ìlú òun, tí wọ́n ń fi oje ṣànpọ̀nná sí i, kí àrùn náà má baà pa ènìyàn. Nígbà tí ṣànpọ̀nná jà ní Boston ní 1721, wọ́n dán ọgbọ́n náà wò, ó sì gba ẹ̀mí là.

Ní 1967, orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú, dìde ogun sí àrùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ṣànpọ̀nná àti èéyi. Ṣànpọ̀nná tán ní Nàìjíríà ní 1970. Ní oṣù Karùn-ún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Àpá abẹ́rẹ́ náà ṣì wà lápá ọ̀pọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n èéyi ṣì ń padà wá lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ló fà á? Èéyi ń bá èémí àti ikọ́ rìn ju ṣànpọ̀nná lọ. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí aláìsàn ti jáde. Ó lè di òtútù àyà, ó lè fọ́ ojú ọmọ. Láti ṣẹ́gun rẹ̀, ó tó ọmọ 95 nínú 100 tí ó gbọ́dọ̀ gba àjẹsára, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń bí ọmọ tuntun lójoojúmọ́. Àjẹsára ẹ̀gbọ́n kò sí lára àbúrò.

Ibi tí a ti ń gbà á tún ṣe pàtàkì. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ ń sáré lọ bí ara ọmọ bá gbóná. Wọ́n lè rí oògùn ibà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò gba ẹni tí ń ta oògùn lásán láyè láti gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Àjẹsára sì gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tí kò ju ìwọ̀n 2 sí 8 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ agbára rẹ̀ yóò dínkù. Ní àwọn ìlú ńlá, àwọn apòògùn kan ń ta àjẹsára ọ̀fìnkìn líle tí a ń pè ní influenza. Ọdọọdún ni a ń gba ìyẹn, nítorí kòkòrò rẹ̀ a máa yí padà. Ṣùgbọ́n ti èéyi, ilé ìlera ìjọba ni ó wà, lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ̀ẹ̀kíní nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 9, ẹ̀ẹ̀kejì ní oṣù 15.

Kí òbí tí ọjọ́ ọmọ rẹ̀ bá pé má ṣe dúró de ọyẹ́. Kí àwọn àgbà tí wọ́n mọ ohun tí ìgbà Olóde jẹ́ sì máa bi ìyàwó ilé léèrè bí ọmọ bá ti gba ẹ̀ẹ̀kejì, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ń gba ẹ̀ẹ̀kíní tí wọn kì í padà lọ.