Aṣọ Tí Ẹ̀fọn Kò Lè Gún Ẹnu Kọjá

Nígbàkigbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́mọ àti àwọn baálé ilé. Wọn a ní, "Ǹjẹ́ aṣọ kan tilẹ̀ wà tí ènìyàn lè wọ̀ tí ẹ̀fọn kò fi ní jẹ ẹ́?" Èsì mi ni pé ó wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí, ṣùgbọ́n a kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí a wọ̀ ọ́, a kò sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó bò lára wa.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ròyìn pé ní ọdún 2023, nǹkan bí 597,000 ènìyàn ni ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri pa káàkiri ayé. Nínú ènìyàn 100 tí ó bá kú bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 31 ni ó jẹ́ ti Nàìjíríà, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò tí ì pé ọdún 5 ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ kí a fi aṣọ ṣọ́ ara tiwa.

BÍ Ẹ̀FỌN TI Ń JẸ NI

Abo ẹ̀fọn nìkan ni í mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni ó fi ń mú kí ẹyin rẹ̀ gbó. Èémí tí à ń mí jáde ni ó kọ́kọ́ ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti òkèèrè. Bí ó bá sún mọ́ wa, òórùn òógùn wa àti ooru ara wa ni yóò máa tọ̀ lẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tínrín ju abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ. Nítorí náà, bí aṣọ bá fẹ́lẹ́, tí ó sì lẹ̀ mọ́ ara, orí aṣọ náà ni ẹ̀fọn yóò bà lé, yóò sì ti ẹnu bọ inú ihò òwú, yóò mu ẹ̀jẹ̀ yó, ẹni tí ó wọ aṣọ kò sì ní mọ̀ títí ara yóò fi máa yún un.

Oríṣi ẹ̀fọn mẹ́ta ni ó ń yọ wá lẹ́nu jù ní ìlú ńlá. Èkíní ni Anopheles, òun ni ó ń gbé ibà kiri. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó ń jẹ ènìyàn, ọ̀gànjọ́ òru ni ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń le jù. Èkejì ni Aedes, ẹ̀fọn dúdú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlà funfun. Ọ̀sán ni òun ń ṣe tirẹ̀, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, òun ni ó sì ń gbé ibà pọ́njú kiri. Inú ìkòkò omi, agolo àti táyà àtijọ́ tí òjò rọ sí ni ó ń yé ẹyin sí. Ẹ̀kẹta ni Culex, tí ó fẹ́ràn gọ́tà tí omi rẹ̀ dọ̀tí, tí í sì máa ń kùn sí ni létí lóru. Ẹ kò rí i pé kò sí àkókò kan tí a lè sọ pé gbogbo wọn ti lọ sùn?

ẸSẸ̀ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ BÒ

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹ̀fọn ibà ti ilẹ̀ wa níhìn-ín kì í fi bẹ́ẹ̀ wá orí. Bí a bá jókòó sí ìta ní alẹ́, ìsàlẹ̀ ni ó máa ń fò, ọrùn ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó sì ń lọ tààrà. Ẹni tí ó wé gèlè tí ó ga bí òrùlé, tí ó sì wọ sálúbàtà láìwọ ìbọ̀sẹ̀, ti ṣe orí lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì ti fi ẹsẹ̀ tọrẹ. Àwọn òyìnbó tí ó sìn nílẹ̀ wa láyé ìjọba amúnisìn mọ èyí. Wọ́n ní bàtà aláwọ rírọ̀ kan tí ó ga dé orúnkún, èyí tí wọ́n máa ń wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kìkì nítorí ẹ̀fọn. Àwa kò nílò irú bàtà bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tí ó nípọn, ṣòkòtò tí ó balẹ̀, tàbí ìró tí a ró dé ọrùn ẹsẹ̀ ti tó fún wa.

AṢỌ WO NI Ó DÁRA?

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ máa wò lára aṣọ: bí ojú rẹ̀ ti dí tó, bí ó ti nípọn tó, àti bí ó ti fẹ̀ tó. Bí ẹ bá na aṣọ sí ojú oòrùn, tí ẹ sì ń rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ bí ẹni pé asẹ́ ni, aṣọ náà kò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ léèsì ti wá o. Aṣọ iyì ni, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n ihò ni gbogbo ara rẹ̀. Mo ti jókòó níbi òde alẹ́ tí àwọn ìyá oníléèsì ń fi ọwọ́ gbá apá àti ẹ̀yìn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá àgbà kan tí ó da ìborùn aṣọ òkè bo èjìká nítòsí wọn kò tilẹ̀ mì. Ẹni tí yóò bá wọ léèsì lálẹ́, kí ó wá nǹkan tí ojú rẹ̀ dí wọ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

Aṣọ òkè, kíjìpá àtijọ́ àti àǹkàrá tí ojú rẹ̀ dí dára. Àwọn ṣòkòtò fífún tí àwọn ọmọbìnrin ń wọ̀ báyìí, tí ó ń fà bí rọ́bà, kò dára fún ìrọ̀lẹ́, nítorí bí ó bá ti nà mọ́ itan, ihò òwú rẹ̀ yóò là, ẹ̀fọn yóò sì ráyè. Agbádá, bùbá àti ṣòkòtò tí ó fẹ̀ sàn jù ú lọ fíìfíì. Àlàfo díẹ̀ wà láàárín irú aṣọ bẹ́ẹ̀ àti awọ ara, ẹnu ẹ̀fọn kò sì ní tètè kan ara. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà gbé aṣọ kan jáde tí kò ní oògùn kankan nínú. Ìwọ̀n ihò rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi dènà ẹ̀fọn. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ wọ inú ilé àwọ̀n tí 200 ẹ̀fọn wà, ó sì jáde láìsí pé èyíkéyìí gún un láti ara aṣọ náà.

Ní ti àwọ̀, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Washington ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Wọ́n rí i pé bí ẹ̀fọn Aedes bá ti gbọ́ òórùn èémí ènìyàn, ohun pupa, ohun tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ọsàn tó pọ́n, àti ohun dúdú ni ó ń fò lọ bá. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ka àwọ̀ ewé tàbí funfun sí. Wọ́n tún rí i pé awọ ara gbogbo ènìyàn, ì báà dúdú, ì báà pupa, ń tàn bí ohun pupa lójú ẹ̀fọn. Nítorí náà, ẹ yan aṣọ funfun tàbí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kò ṣú, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé àwọ̀ nìkan. Ẹtù dúdú tí ó nípọn sàn ju léèsì funfun lọ.

AṢỌ ALÁÌSÀN KÒ NÍ IBÀ NÍNÚ

Àwọn kan a máa bẹ̀rù láti fọwọ́ kan aṣọ ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kúbà. Láti ọdún 1881 ni Dókítà Carlos Finlay ti ń sọ níbẹ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á gbọ́. Ní ìparí ọdún 1900, Dókítà Walter Reed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì sùn fún òru 20 nínú ilé kékeré kan lórí aṣọ tí àwọn aláìsàn ti bì sí, tí wọ́n sì ti yàgbẹ́ sí. Kò sí ẹni tí ó ṣàìsàn nínú wọn. Ní ilé kejì, tí ó mọ́ tónítóní ṣùgbọ́n tí ẹ̀fọn tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó wọlé ṣàìsàn. Ẹ fọ aṣọ aláìsàn, ẹ sá a sí oòrùn, kí ẹ sì kọjú ìjà sí ẹ̀fọn.

AṢỌ TÍ A RẸ SÍNÚ OÒGÙN

Oògùn kan wà tí a ń pè ní permethrin, tí Michael Elliott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe jáde ní Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1973. Ẹ̀dà oró inú òdòdó kan ni. Ara aṣọ ni wọ́n ń fi í sí, wọn kì í fi í pa ara. Ẹ̀fọn tí ó bá bà lé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ yóò sá tàbí kí ó kú. Ilé iṣẹ́ kan a máa rẹ aṣọ àwọn sójà sínú rẹ̀.

Ìròyìn tí ó dùn mọ́ mi jù wá láti Kasese ní ilẹ̀ Ùgáńdà ní ọdún 2025. Àwọn oníṣègùn pín aṣọ ìpọnmọ fún ìyá 400 tí ọmọ wọn tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Wọ́n fi permethrin sí ti ìdajì wọn, omi lásán ni wọ́n fi sí ti ìyókù, gbogbo wọn sì gba àwọ̀n ẹ̀fọn tuntun. Ní apá kejì, bí ọmọ 3 bá ní ibà, nǹkan bí ọmọ 1 péré ni ó ní in nínú àwọn tí a fi aṣọ olóògùn pọ̀n. Ẹ wo ọ̀já lásán, tí gbogbo wa ti fi dàgbà!

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o, ẹ̀yin ìyá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bu òtapiápiá tàbí oògùn kòkòrò inú ìgò sára ọ̀já tàbí aṣọ ọmọ. Oró wọn yàtọ̀, wọ́n lè gba awọ ara wọlé, wọ́n sì lè pa ọmọ. Ti Ùgáńdà, àwọn tí ó mọ ìwọ̀n ni ó ṣe é, tí wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà.

Èkejì rẹ̀ ni káńfọ̀, àwọn hóró funfun róbótó tí à ń jù sínú àpótí kí kòkòrò má bàa jẹ aṣọ. Àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú àléébù kan nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọkùnrin wa. Bí a bá wọ aṣọ tí ó ti gba òórùn káńfọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ojú rẹ̀ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì lè ba ọpọlọ tàbí etí rẹ̀ jẹ́ títí láé, tàbí kí ó gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sínú aṣọ ìkókó. Bí ojú ìkókó bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

OHUN TÍ KÍ Ẹ MÁA ṢE

1. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ pààrọ̀ aṣọ àwọn ọmọ sí alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn tí ó fẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀.

2. Oògùn ìpara tí ń lé ẹ̀fọn, ibi tí aṣọ kò bò ni kí ẹ fi í sí. Ẹ má ṣe fi í sí abẹ́ aṣọ.

3. Bí ẹ bá ra permethrin fún aṣọ, ẹ ka ohun tí a kọ sára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aṣọ gbẹ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ gbé ológbò àti ẹja jìnnà sí i, nítorí májèlé ni fún wọn.

4. Ẹ da omi inú agolo àti táyà nù, kí ẹ sì dé ìkòkò omi.

5. Inú àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn ni kí gbogbo ilé máa sùn, pàápàá aboyún àti ọmọdé. Aṣọ kò lè dípò àwọ̀n, nítorí kò sí ẹni tí í wọ ìbọ̀sẹ̀ àti agbádá sùn nínú ooru ilẹ̀ wa.

6. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ má ṣe méfò. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárín wákàtí 24.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí owó aṣọ òde tó jáde nílé, kí owó àwọ̀n àti ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ kọ́kọ́ jáde. Ó dìgbà kan ná o. Ọlọ́run yóò máa fi ara líle ta wá lọ́rẹ.