Ẹ Má Fà Á Tu, Ẹ Gé E: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe èyí tí à ń rà ní ìdájí lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o bọ̀ láti oko, bí kò ṣe èyí tí púpọ̀ nínú wa gbìn sí ẹ̀yìnkùlé. Gbígbìn rẹ̀ kò ṣòro fún wa. Ìgbà tó bá tó já ni à ń pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé wa n'Íbàdàn, ebè 4 ni mo kọ. Mo da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sí i, ẹ̀fọ́ náà sì dúdú minimini. Nígbà tó pé bí ọ̀sẹ̀ 4, mo pe àwọn ọmọ, a fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, a fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò, a dì í, mo gbé e lọ sọ́jà. Ó tà wàràwàrà. Àṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa tà á! Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé tí ẹ̀fọ́ wọ́n, ebè mi ti ṣófo. Èmi tí mo ń ta ẹ̀fọ́ wá ń ra èyí tí àwa fúnra wa máa jẹ. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ní táámù yẹn, mo yá a ni.

Ìyá àgbà kan tó ń dá àkùrọ̀ lẹ́bàá odò ló là mí lójú. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀fọ́ máa ń kú tí wọ́n bá gé e?" Ó mú ọ̀bẹ, ó gé tẹ̀tẹ̀ kan, ó fi bí íǹṣì 6 sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó ní kí n padà wá wò ó. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ̀ka tó ti yọ lára kùkùté yẹn ju 3 lọ. Ohun tó fà á ni pé orí ẹ̀fọ́ ni kì í jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rúwé. Bí a bá gé orí, àwọn ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi á là. Ṣùgbọ́n tí a bá gé e kanlẹ̀, ojú wo ló kù tó máa là?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣọkọ. Ewédú, ẹ jẹ́ kó ga dé orúnkún kí ẹ tó gé e. Gbúre ò ní wàhálà rárá, igi rẹ̀ tí ẹ bá gé tí ẹ sì tún rì mọ́lẹ̀ á hù. Ní ti ugu, ọ̀mùnú orí okùn ni kí ẹ máa já, kí ẹ fi ewé sílẹ̀ lára rẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì fẹ́ kó so, ẹ dín ọwọ́ kù lára rẹ̀. Ewúro ní tirẹ̀, igi ọ̀pọ̀ ọdún ni. Bó bá ga jù, ẹ gé e dé ìbàdí, ewé tútù á tún bo gbogbo ara rẹ̀.

Ẹ máa ṣọ́ òdòdó o. Bí ẹ̀fọ́ bá ti tanná, ewé rẹ̀ á kéré, á sì le. Ẹfinrin pàápàá, ẹ máa já òdòdó rẹ̀ dànù kó lè máa rúwé sí i. Koríko ọba tí à ń sè mu bíi tíì, ewé ìta ni kí ẹ máa gé, kí ẹ má fọwọ́ kan àárín. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìdí ẹ̀fọ́ 2 tàbí 3 sílẹ̀ kó gbó fún irúgbìn, kí ẹ má baà máa ra irúgbìn lọ́dọọdún. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí Ìdí-Ìṣin n'Íbàdàn, NIHORT wà níbẹ̀ láti 1975, ìwádìí lórí ẹ̀fọ́ àti èso ni iṣẹ́ wọn. Ẹ lè yà bi wọ́n léèrè.)

Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ká gé ẹ̀fọ́, nígbà tí omi ṣì wà nínú ewé. Èyí tí a gé lọ́sàn-án gangan á ti rọ kó tó dé ìsọ̀, oníbàárà á sì máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń wo aláìsàn. Àpò tí a fi omi rin ni kí ẹ dà bò ó. Ẹ má kì í mọ́ inú ọ̀rá, torí ooru á mú un, á sì jẹrà.

Ohun kan wà tí mi ò lè ṣàìsọ. Lọ́dún kan, kòkòrò dá ihò sí ṣọkọ mi lára, ni mo bá fín oògùn sí i lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́rú, oníbàárà mi kan tó ń ṣe ìnáwó ní òun fẹ́ ìdì 30. Mo ti mú ọ̀bẹ dání kí ọmọ mi obìnrin tó ka ìwé ara ìgò yẹn sí mi létí: ọjọ́ 14 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí a bá fín in kí á tó já ewé rẹ̀ jẹ. Mo sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹ wo iye àlejò tí ì bá jẹ ẹ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra oògùn tí wọ́n bù sínú ìgò kékeré tí kò níwèé lára, báwo lẹ ṣe máa mọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dúró?

Oníbàárà náà bínú, kò sì rà lọ́wọ́ mi mọ́ títí dòní. Eérú ni mo ń kù sí ewé báyìí, láàárọ̀ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, màá sì fọ̀ ọ́ dáadáa kí n tó dì í. Kì í lé gbogbo kòkòrò lọ. Èyí tí wọ́n bá dá ihò sí, ilé la ti ń sè é jẹ.