Ta Ló Ń Dá Iye Lé Ẹja Yíyan?

Ẹ̀yin ará Abígi títí dé Ìwòpin, kò sẹ́ni tó máa kọ́ yín ní ẹja yíyan. Bàbá á ti ojú omi dé, á da ẹja sílẹ̀. Bó tóbi bó kéré, kí oòrùn tó yí, ó ti fẹ́ máa rùn. Ìyàwó ló máa tètè fọ̀ ọ́, tó máa ká àrọ̀ bí òrùka, kó ti ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kó tò ó sórí wáyà, kó sì jókòó ti iná kí ẹja má di èédú. Ìgbà yẹn ló tó dọjà. Ìyàwó yìí kan náà ló sì ń dá iye lé e. Bàbá kì í tẹ̀lé e lọ dúnàádúrà.

Òwò ìrìnàjò afẹ́ kò yàtọ̀ síyẹn. Ibi tó dára wò kò tíì dọjà, ẹja tútù ni. Ẹ wo Erédò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú: yàrà tó gùn tó kìlómítà 160, tó jìn tó mítà 20 níbòmíràn, orúkọ obìnrin ni wọ́n sì fi ń pè é, Bílíkísù Súngbọ́, tí wọ́n ní sàréè rẹ̀ wà ní Òkè-Èrí. Láti 1995 ló ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ibi púpọ̀ níbẹ̀, igbó ló bò ó. Ẹja ńlá tí kò tíì kan iná!

Ẹni tó mọ ẹja yan ni Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí sí Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí ní 1951. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó gbà mú kò jìnnà sí ilé ìdáná: wọ́n á ro láfún bí ẹ̀kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya á sára aṣọ funfun, á gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí láfún bá wà, aró kò ráyè wọ̀ ọ́. Ní 1983 ó dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Lónìí, àwọn àlejò òkè òkun ń wọ́ lọ sí ilé alájà márùn-ún tó kó iṣẹ́ ọnà sí ní Lẹ́kkí. Òun ló yan án, òun ló ń tà á.

Ọ̀pọ̀ obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ ìrìnàjò afẹ́ lágbàáyé sọ ní 2019 pé nínú 100 òṣìṣẹ́ òwò yìí, 54 ni obìnrin. Ní Áfíríkà, 69 ni. Síbẹ̀, kárí ayé, 23 péré nínú 100 mínísítà tó ń bójú tó o ni obìnrin. Wọ́n pọ̀ nídìí iná, wọn ò pọ̀ nídìí igbá owó. Àjọ náà fúnra rẹ̀, 2025 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yan obìnrin àkọ́kọ́, Shaikha Al Nowais, ṣe akọ̀wé àgbà.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ wá kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí etí ọ̀sà wa, tó ní òun ń wá obìnrin tí yóò máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àpótí owó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀.