Òkúta Ìbọn ní Agbègbè Ìta-Ògbólú àti Àkúrẹ́: Ìdí tí Líle Nìkan Kò Fi Tó

Òkúta kì í wọ́n ní ilẹ̀ Àkúrẹ́. Ẹni tí ó bá gba Àkúrẹ́ kọjá lọ sí Ìta-Ògbólú àti Ìjú yóò rí àpáta lọ́tùn-ún lósì, òkúta funfun tí ń dán sì wà káàkiri nínú oko. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ka agbègbè yìí mọ́ àpáta ìpìlẹ̀ àtayébáyé tí ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, òkúta tí ó ń mú ìbọn ṣakabùlà yọ iná, láti òkè òkun ni ó ti ń bọ̀, nínú ẹrù àwọn oníṣòwò. Kí ló dé tí ilẹ̀ tí ó kún fún òkúta fi ń ra òkúta?

Ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn ni pé òkúta tiwa kò le tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi hàn pé ọ̀nà tí òkúta ń gbà fọ́ ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe bí ó ṣe le tó. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè rí ẹ̀rí ìtàn nínú ilẹ̀ kí ó sì dà á nù pọ̀ mọ́ àkùfọ́.

Èdè wa wà lára ohun tí ó ń ti ènìyàn sí ìdáhùn àkọ́kọ́ yẹn. Òkúta akọ ni a ń pe òkúta tí kò ṣe é fọ́ bọ̀rọ̀. Òun náà ni a bá nínú Bíbélì Yorùbá, ní Diutarónómì 8:15. Orúkọ yìí gbé líle síwájú. Ṣùgbọ́n Yorùbá tún ní ìṣáná, ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá láti ara ‘ṣá’ àti ‘iná’. Ìṣe ni èyí ń sọ, kò dárúkọ òkúta rárá, òun ni ó sì sún mọ́ òtítọ́ jù. Kí a má gbàgbé ọta pẹ̀lú: ohun tí a ń kì sínú ìbọn ni, òkúta róbótó inú odò náà sì ni. Ọta ni ó ń pa ẹran, ó sì gba orúkọ mọ́ òkúta ìbọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà kúkú mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ń mú ìbọn dún ṣe pàtàkì, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun?

Bí iná ṣe ń jáde

Ìbọn olókùúta ní irin kan tí ó tẹ̀ bí ọrùn ẹyẹ. Ẹnu irin náà ni a ń fi awọ di òkúta mú sí. Bí ọdẹ bá fa apátí, irin yìí yóò fò síwájú, òkúta yóò há ojú irin pẹlẹbẹ kan tí ó bo àwo ẹ̀tù, irin pẹlẹbẹ náà yóò ṣí kúrò lórí àwo, ìpẹ́pẹ́ iná yóò sì bọ́ sínú ẹ̀tù. Láti ibẹ̀ ni iná ti ń gba ihò tóóró kan wọ inú ọ̀pá ìbọn.

Iná náà kì í ṣe ti òkúta. Irin ni ó ń jó. Ẹnu òkúta ń fá irin bí abẹ ṣe ń fá irun. Ègé irin tín-ín-tìn-tín tí ó bá fá kúrò ń gbóná gan-an bí ó ti ń já, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti kàn án, ó ràn. Nítorí náà, abẹ ni òkúta ìbọn, kì í ṣe òòlù. Bákan náà ni irin pẹlẹbẹ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí alágbẹ̀dẹ ti mú le dáadáa. Bí ó bá rọ̀, òkúta tí ó dára jù lọ kò ní rí iná kankan yọ lára rẹ̀, ọdẹ a sì máa di ẹ̀bi ru òkúta lásán.

Lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10, òkúta ìbọn ilẹ̀ Yúróòpù wà ní nǹkan bíi 7. Òkúta funfun inú oko Ìta-Ògbólú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartz, wà ní 7 pẹ̀lú. Ohun kan náà ni a fi dá àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n horo ńláńlá ni quartz tiwa, ìlà àti sísán sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ó lè yọ iná ní ìlù kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ẹnu rẹ̀ a rún, a sì kú. Horo tí ojú kò lè rí ni ti òkúta ìbọn òkè òkun, èyí tí ó máa ń dàgbà nínú òkúta rírọ̀ funfun bí ẹfun. Ó ń fọ́ bí ìgò ṣe ń fọ́, ẹnu rẹ̀ a mú bérébéré. Bí ìlù bá tilẹ̀ bù ú lẹ́nu, ẹnu tuntun tí ó yọ náà tún mú. Irú òkúta rírọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àpáta ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Àkúrẹ́.

Yíyan òkúta

Ojú ni a kọ́kọ́ fi ń yàn án. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ó má sán, kí ó má sì ní àbàwọ́n ẹfun létí ibi tí yóò gbá irin, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ rún. Bí a bá gbé e sójú oòrùn, etí rẹ̀ tí ó fẹ́lẹ́ yẹ kí ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn èyí ni fífẹ̀. Òkúta tí ó fẹ̀ ju irin pẹlẹbẹ lọ yóò máa gbá ọ̀pá ìbọn, yóò sì fọ́. Èyí tí ó kéré púpọ̀ yóò máa gbẹ́ kòtò sí ojú irin, bí kòtò náà bá sì ti jìn, iná dín kù nìyẹn. Ẹnu òkúta gbọ́dọ̀ tọ́, kí gbogbo rẹ̀ kan irin lẹ́ẹ̀kan náà.

Awọ tí a fi wé e kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí òkúta yọ̀, tí ó sì ń gba agbára ìlù náà mọ́ra. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Yúróòpù máa ń lo òjé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ìbọn ńlá wọn. Àwọn kan máa ń dojú òkúta kọ òkè, àwọn mìíràn máa ń dà á dé. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ èyí tí ó bá a lára mu. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì a máa gba òkúta kan fún nǹkan bí 20 ìyìn. Ìdíwọ̀n yìí wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye òkúta tí ogun ọlọ́dún pípẹ́ lè jẹ.

Àwọn tí ó ti yan òkúta ṣáájú ìbọn

Kì í ṣe ìbọn ni ó kọ́ ará agbègbè yìí ní ìyàtọ̀ láàrin òkúta àti òkúta. Ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun, tí kò jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà 24 lọ sí Àkúrẹ́, Thurstan Shaw wa ilẹ̀ ní ọdún 1965, ó sì rí egungun ènìyàn kan tí ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún 11 níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irinṣẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ ni a bá nínú ihò náà. Quartz ni púpọ̀ nínú wọn. Chalcedony, tí horo rẹ̀ kéré bí ti òkúta ìbọn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní èrò tiwa, èyí fi hàn pé ilẹ̀ náà kò ṣàìní òkúta tí ń mú rárá. Ṣùgbọ́n ègé wẹ́wẹ́ ni ìgbà náà nílò. Ohun tí ìbọn béèrè ni ègé tí ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò, tí ó pẹlẹbẹ, tí ó sì bára dọ́gba ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ìlú Brandon ní Suffolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wá di ilé iṣẹ́ yìí. Dúdú ni òkúta tiwọn. Ti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, ní agbègbè Loir-et-Cher, pọ́n bí oyin. Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 pé àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń bá àwọn òyìnbó ṣòwò, ni ó kọ́kọ́ gbé ìbọn wọ ogun Òwu. Nígbà tí ó fi máa di ogun Kírìjì, ọ̀nà tí Glover là gba Oǹdó kọjá ní nǹkan bí ọdún 1872 ti di ọ̀nà ìbọn fún Èkìtìparapọ̀, ìbọn ìgbàlódé tí a ń ti ìdí kì sì wà lára ohun tí ó gba ibẹ̀. Ó yẹ kí òkúta ìbọn kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn èyí. Òfin ni kò jẹ́. Àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 ká ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ kò ní apá ńlá Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù gbẹ̀rẹ̀ oníṣòwò. Báyìí ni Brandon ṣe ń rí òkúta tà sí Áfíríkà wọ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ti pa irú ìbọn náà tì tipẹ́tipẹ́.

Ohun tí ó kù nínú ilẹ̀

Òkúta tí ó kú ni ọdẹ ń sọ nù: létí oko, lẹ́yìn ilé, níbi tí ogun pàgọ́ sí, àti níbi tí a ti ń yin ìbọn ọdún Ògún ní ìgboro Oǹdó. Ègé pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin dúdú, tí ojú rẹ̀ ní ìlà gbọọrọ bíi ti ọ̀bẹ, kò lè ṣáájú ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, nítorí ìgbà náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé òkúta ìbọn lọ́nà bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ wú, tí iwájú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí ègé iṣu, ni ó jẹ́ ti àṣà tí ó ṣáájú. Bí a bá rí quartz tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo rún, tí àbàwọ́n irin pupa sì wà lára rẹ̀, a kò gbọdọ̀ yára kà á sí iṣẹ́ àwọn ará Ihò Eléérú. Ó lè jẹ́ ti ọdẹ tí òkúta ọjà tán lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ti ẹni tí ó kàn fẹ́ ṣáná.

Ìwé òfin kò ní ràn wá lọ́wọ́ nínú ìyàtọ̀ yìí. Òfin Ìbọn ọdún 1959 kó ìbọn olókùúta àti èyí tí ń lo ìdérí bàbà kékeré pọ̀ sí ìsọ̀rí kan, ìyẹn ìbọn tí a ń ti ẹnu kì, ó sì ní kí oníbọn gba ìwé àṣẹ. Ìbọn tí a bá sì bá lára ògiri ilé olóyè lónìí lè ti bọ́ òkúta kúrò kí ó tó gba ìdérí bàbà. Nítorí náà, kí olùwádìí wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìbọn bóyá ihò tóóró àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ tí a ti dí i. Bí òkúta bá ṣì wà lẹ́nu irin, kí ó fi awọ ara rẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀, kí ó ya àwòrán tòkè-tìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó wọn fífẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti irin pẹlẹbẹ, kí ó sì kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó tú u.