Dandan àti Ìdánilójú: Iṣẹ́ Méjì tí “Must” Ń Ṣe

Ẹ wo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì méjì yìí dáadáa: “You must pay today” àti “She must be at home.” “Must” ló wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kò jọra. Èkíní ń sọ pé dandan ni kí ẹ sanwó lónìí. Èkejì kò fi nǹkan kan ṣe dandan fún obìnrin náà. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti rí àmì kan, bóyá iná tó ń tàn nínú yàrá tàbí bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti dá a lójú pé ilé ni obìnrin náà wà.

Ìyàtọ̀ yìí ni kí ẹ dì mú, torí òun ló máa tú gbogbo ìyókù. Dandan wà lọ́rùn ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan. Ìdánilójú wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti òní, “must” lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Tó bá di ti àná, ọ̀nà wọn pínyà. Dandan á di “had to”: “She had to pay the rent.” Owó ilé di ọ̀ranyàn fún un, a sì sábà máa ń gbọ́ ọ pé ó san án. Ìdánilójú á di “must have”, tí irú ọ̀rọ̀ bíi “paid”, “gone” tàbí “eaten” á tẹ̀ lé e: “She must have paid the rent.” Ẹni tó sọ èyí kò sí níbẹ̀ nígbà tí owó ń bọ́ sọ́wọ́ onílé. Ó kàn rí i pé onílé kò wá kanlẹ̀kùn láràárọ̀ mọ́, ó sì fi ìyẹn mọ̀ pé owó ti wọlé.

Kí ló dé tí “must” fúnra rẹ̀ kò ní ìrísí ti àná? Ìtàn ló fà á. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ England kí àwọn Norman tó ṣẹ́gun ibẹ̀ ní 1066, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ “motan”, tó túmọ̀ sí kí èèyàn ní àyè tàbí àṣẹ láti ṣe nǹkan. “Moste” ni wọ́n ń pè é fún ohun tó ti kọjá, “moste” yìí ló sì di “must”. Ọ̀rọ̀ àná ni wọ́n gbé wá lò fún òní, kò wá sí òmíràn tí wọ́n lè lò fún àná mọ́. Wọ́n yá “had to” láti dí àlàfo náà. Ti ọ̀la náà ní tirẹ̀: “I will have to go.”

Ibí yìí gan-an ni àwa Yorùbá ti máa ń ṣì í sọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà: “mo ní láti lọ lánàá”, “mo ní láti lọ lọ́la”. “Lánàá” àti “lọ́la” ló ń sọ ìgbà fún wa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ “I must go there yesterday” lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. “I had to go there yesterday” ló tọ́.

Tí a bá fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tún ṣọ́ra. “You mustn’t pay” ń sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ sanwó: èèwọ̀ ni. “You don’t have to pay” ń sọ pé kò pọn dandan: tó bá wù yín, ẹ lè san án. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣe èkejì lè dá ìjà sílẹ̀. Ní ti ìdánilójú, “can’t” ni wọ́n sábà máa ń lò: “She can’t be at home”, bó bá jẹ́ ti àná, “She can’t have paid.”

Méjì ṣì kù tó yẹ ká fara balẹ̀ wò. “She should have paid” jẹ́ ìbáwí: ó yẹ kó san án, kò sì san án. Ẹ má ṣe fi í ṣe “must have paid” láéláé. “She needn’t have cooked” ń sọ pé ó ti se oúnjẹ náà, ṣùgbọ́n kò sídìí fún un. “She didn’t need to cook” kò sọ fún wa bóyá ó sè é tàbí kò sè é. Kìkì pé kò pọn dandan ló sọ.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má kàn fún wọn ní àkọ́sórí. Ẹ kọ́ wọn ní ìbéèrè méjì: ṣé dandan ni àbí ìdánilójú? Ṣé ti àná ni, ti òní, àbí ti ọ̀la? Ọmọ tó bá lè dáhùn méjèèjì kó tó lanu kò ní ṣi “must” lò.