Àlọ́ Tó Wọ Inú Tẹlifíṣọ̀n

Kí tẹlifíṣọ̀n tó dé Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré ní Èkìtì, àlọ́ ti ní òfin tirẹ̀. Apàlọ́ á pè, àwọn ọmọ á dáhùn. Orin á bọ́ sáàárín ìtàn, wọn á gbè é. Bí wọn kò bá gbè é, ìtàn ò ní lọ. Òṣùwọ̀n tó yẹ ká fi wọn gbogbo ètò ọmọdé tó ti gba ojú ẹ̀rọ kọjá látìgbà náà nìyẹn: ṣé ó ń fún ọmọ láyè láti dáhùn?

Ìbàdàn ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni ará Ìkẹ́rẹ́ ń kọjú àńtẹ́nà sí. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Èkìtì wà títí di oṣù kẹwàá ọdún 1996, Àkúrẹ́ tí í ṣe olú-ìlú kò sì jìnnà. Ọmọ kan á máa yí òpó níta, èkejì á dúró lójú fèrèsé, á máa kígbe pé ó ti mọ́lẹ̀, ó tún ti lọ. Ẹ̀rọ kò pọ̀. Pálọ̀ ẹnìkan ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń rọ́ lọ.

Ibẹ̀ ni ètò Tales by Moonlight ti bá wọn. Victoria Ezeokoli ló gbé e kalẹ̀ ní NTA, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, ní 1984. Nkem Oselloka-Orakwue, tí àwọn ọmọ mọ̀ sí Àǹtí Nkem, á jókòó, àwọn ọmọ á yí i ká, á pa ìtàn, àwọn òṣèré á gbé e jáde, á sì bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n rí kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ìyẹn sì dunni. Síbẹ̀, apàlọ́ wà níbẹ̀, ẹlẹ́gbè náà wà. Jimi Solanke, tó di olóògbé ní oṣù kejì ọdún 2024, ṣe irú rẹ̀ nínú Storyland, títí orúkọ Bàbá Àgbà fi mọ́ ọn lára.

Sesame Street ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, náà ń kọjú sí ọmọ tó ń wò ó, á béèrè, á sì sinmi díẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ọmọdé ló bá wọn tò ó.

Owó ló kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́. Náírà wó lulẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé (SAP) ti 1986, ìjọba sì ní kí NTA máa wá apá kan owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọdé kò ní owó ìpolówó lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni díìṣì dé, pẹ̀lú ìkànnì tó ń ṣe kátúùnù tọ̀sán-tòru. Àwòrán ń dára sí i, apàlọ́ sì kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan gbìyànjú láti tún ṣe ètò fún ọmọdé. Sesame Square, ẹ̀dà Sesame Street ti Nàìjíríà, gbé Zobi onítakisí àti Kami tó ní kòkòrò HIV wá sórí NTA, owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi ṣe é. Ní Àbújá, Adamu Waziri ṣe Bino and Fino, nípa ọmọ méjì tó ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí wọn àgbà. Ó sì wà ní èdè Yorùbá. Eré kátúùnù Iwájú, tí ilé-iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe nípa Èkó ọ̀la, rẹwà gan-an. Orí Disney+ ló ti kọ́kọ́ jáde ní oṣù kejì ọdún 2024.

Fóònù ìyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń wò báyìí. Bí fídíò kan bá parí, òmíràn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọmọ tó ronú kan ohun tó rí. Ẹ̀rọ ti wá ń ṣọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n nítorí ìpolówó: ní 2019, Google àti YouTube gbà láti san 170 mílíọ̀nù dọ́là ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń kó ìsọfúnni àwọn ọmọdé jọ láìgba àṣẹ òbí.

Ohun tí wọ́n fi ṣe àlọ́ orí NTA kò ju apàlọ́, ọmọ, òṣèré àti kámẹ́rà lọ. Gbogbo rẹ̀ ló wà ní Èkìtì. Ìkẹ́rẹ́ ní yunifásítì tó ń kọ́ olùkọ́, Adó-Èkìtì sì ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìpínlẹ̀. Kí wọ́n fún àwọn àgbà Ìsẹ̀ àti Èmùré ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kí wọ́n pàlọ́ ní ohùn Èkìtì gan-an, kí ọmọ sì jókòó níwájú wọn láti gbè é.