Èwo Ló Mọ Mówè Jù: Máàpù Àjọyà àbí Ìwé Jupyter?

Ìlú Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà reluwé tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ọjọ́ ti pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti wọ máàpù. Mówè àti Ìbàfò kò rí bẹ́ẹ̀. Òpópó márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ló fa àwọn ará Èkó wá síbẹ̀ láti ra ilẹ̀. Wọ́n á ti kọ́lé, wọ́n á ti kó wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó ya àdúgbò ọ̀hún sórí ìwé.

Ọ̀nà méjì ni aráàlú lè gbà ya irú ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan ni máàpù àjọyà, OpenStreetMap, tí Steve Coast dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ọ̀nà tàbí afárá sí i. Èkejì ni ìwé Jupyter, níbi tí kóòdù, àlàyé àti máàpù ti jọ wà lójú ewé kan náà, tí àwọn èèyàn lè jọ ṣí láti ibi tí kálukú wà, kí wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì ṣírò bí ilé ṣe ń jẹ igbó.

Tó bá di ti ìtàn, Jupyter ló borí. Kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ rìn padà sí Mówè ogún ọdún sẹ́yìn, àmọ́ àwòrán àtijọ́ ti sátẹ́láìtì Landsat wà nílẹ̀, ó sì ti di ọ̀fẹ́ láti 2008. Ẹni tí èsì kò bá tẹ́ lọ́rùn lè yẹ kóòdù wò ní ìlà-ìlà, kó tún un ṣírò. Èyí wù mí gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ wo plọ́ọ̀tì wa, 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹyọ kan ṣoṣo (pixel) nínú àwòrán Landsat jẹ́ mítà 30 sí 30, ó tóbi ju odindi plọ́ọ̀tì lọ! Ti sátẹ́láìtì Sentinel-2, mítà 10 sí 10, sàn jù. Bíi mẹ́fà ló wọ plọ́ọ̀tì kan. Síbẹ̀, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ pupa tí katakata ṣẹ̀ṣẹ̀ họ máa ń jọ òrùlé páànù tó ti dípẹtà lójú kóòdù. Bí òjò bá dé, ìkùukùu á bo gbogbo rẹ̀. Ọlọ́kadà àdúgbò kò lè ṣi ilẹ̀ pupa mú fún òrùlé. Ó mọ orúkọ ọ̀nà, ó mọ ibi tí àgbàrá ti gé e, ó sì mọ géètì tí wọ́n ń tì lálẹ́. Kò sí sátẹ́láìtì tó lè rí orúkọ.

Nítorí náà, máàpù àjọyà ni mo fi ṣíwájú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kóòdù ní Ìbàfò, Mówè àti Ìfọ̀, ẹ kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò yín ká, ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ ọ̀nà, ẹ fi wọ́n sí OpenStreetMap, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ṣí Jupyter.